Owó Hollandis mẹ́ta nínú àpótí ìyá mi: lẹ́tà sí àwọn àgbà De Nederlandsche Bank

Sí Ààrẹ àti Ìgbìmọ̀ Alákòóso De Nederlandsche Bank, báńkì àgbà ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ní Amsterdam.

Ẹ̀yin àgbà mi,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ gulden, owó tí ẹ ń ná kí yúrò tó dé, ni mo bá wá, àti ọjọ́ tí ẹ dá pé ẹ ò ní gba bébà ẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1993 ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ yín ní Nẹ́dálándì, ibi tí àwa ń pè ní Họ́láńdì, mo sì gbọ́ èdè Dutch dáadáa. Èyí tí mo kọ ní èdè yín ti wà ní pósítì. Èyí tí mo ń kọ síta gbangba yìí, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí obìnrin tó tọ́jú owó yín fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kò gbọ́ èdè mìíràn, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ní irú ẹ̀ nílé.

Ìyá mi ta aṣọ ní Ìtọ̀kú, l'Abẹ́òkúta, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Àdìrẹ ni gbogbo ayé mọ Ìtọ̀kú sí, ìyá mi náà sì ń tà á, ṣùgbọ́n Hollandis ni ọjà tó fi ń yangàn. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò mọ orúkọ yẹn. Ankara tó ń ti ọ̀dọ̀ yín wá ni, láti Helmond, níbi tí ilé iṣẹ́ Vlisco ti wà láti ọdún 1846. Ìyá mi ò mọ̀wé kà. Síbẹ̀, bí ẹ bá kó ìgàn aṣọ mẹ́wàá síwájú ẹ̀, á fọwọ́ pa á, á yí etí ẹ̀ padà, á wo ìlà ìwé tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, á sì nawọ́ sí èyí tó jẹ́ ayédèrú. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún oníbàárà tó bá ń ná an ní ìnákúnàá: "Ohun tó bá ti Họ́láńdì wá kì í ṣá."

Kérésìmesì ọdún 1996 ni mo kọ́kọ́ wálé láti ìgbà tí mo ti lọ. Mo kó dọ́là díẹ̀ dání, ó sì tán kí ọdún tuntun tó wọlé; ẹ ò mọ bí ilé ṣe máa ń rí fún ẹni tó ti òkè òkun dé. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, ohun tó kù nínú pọ́ọ̀sì mi kò ju bébà mẹ́ta lọ, gulden 50, gulden 50, gulden 50. Mo kó o fún ìyá mi, mo ní kí ó fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó kí wọ́n bá a sọ ọ́ di náírà. Ó gbé ọ̀kan sókè sí iná, ó yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò. Ó ní, "Orí ta ni wọ́n yà síbí?" Mo ní kò sí orí ẹnikẹ́ni, òdòdó ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní owó tí kò ní orí ẹnikẹ́ni lójú, ta ni yóò wá gba ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀?

Mo rò pé ó ti ṣẹ́ ẹ kí n tó dé Amsterdam. Ó papòdà lọ́dún 2024, nígbà tí a sì ń tú àpótí ẹ̀, àbúrò mi obìnrin fa àjákù Hollandis kan yọ tí ìyá wa ta kókó mẹ́ta sí. Inú ẹ̀ ni òdòdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Wọn ò ṣá rárá.

Ẹni tó bá kéré jù láti mọ owó náà, ẹ jẹ́ kí n júwe ẹ̀. Gulden 50 jáde lọ́dún 1982. Ó pọ́n bí òroǹbó tó ń fẹ́ di yẹ́lò, òdòdó oòrùn ńlá kan ṣoṣo ló gba ojú ẹ̀, oyin kan sì bà lé e. Ọkùnrin tó ya á ń jẹ́ Oxenaar. Òun náà ló ya ilé iná etíkun sí gulden 250, òun ló ya ẹyẹ sí gulden 100, nígbà tó sì ń ya Spinoza, onímọ̀ yín àtijọ́, sí gulden 1000, ó fi ìtẹ̀ka tara ẹ̀ pamọ́ sáàárín irun ọkùnrin náà. Ẹ wo báńkì tó gbà kí ayàwòrán bá òun ṣeré dé ibẹ̀ yẹn! Àmì tó ga díẹ̀ tún wà lára owó náà kí afọ́jú lè fi ọwọ́ mọ iye tó mú. Èmi ò mọ owó mìíràn láyé tí mo rí tí inú mi ń dùn bẹ́ẹ̀ pé mo rí i, kódà kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Yúrò tó rọ́pò ẹ̀, afárá àti fèrèsé ni wọ́n yà sí i, kí orílẹ̀-èdè kankan má bàa sọ pé ti ẹnì kejì ló hàn. Àwọn afárá náà ò sí níbi kankan láyé nígbà tí wọ́n yà wọ́n. Ẹ̀yin ará Họ́láńdì ò wá gbà, àbí? Ìlú Spijkenisse, nítòsí Rotterdam, mọ afárá méjèèje sórí odò kéékèèké wọn, pẹ̀lú àwọ̀ tó wà lára owó kọ̀ọ̀kan. Mo lọ wò ó. Àwọn ènìyàn ń gùn ún kọjá lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí ìyá mi ò fi ṣẹ́ owó náà, nítorí òun ló gbé lẹ́tà yìí dìde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun wa jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ibodè pa, wọ́n ní àwọ̀ náírà ti yí padà, ọjọ́ díẹ̀ ló sì wà fún ẹni tó bá ní ti àtijọ́ láti kó o lọ sí báńkì. Ìyá mi jẹ́ olórí àjọ nígbà náà. Owó àwọn ọlọ́jà mẹ́rìnlélógún wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tò, oòrùn pa á, òjò pa á, ọjọ́ pé, owó ṣì kù nínú àpò. Ó san owó àjọ náà padà fún gbogbo wọn látinú ọjà tara ẹ̀, ó sì gbà á ju ọdún kan lọ. Láti ìgbà náà, náírà kì í sùn lọ́dọ̀ ẹ̀. Bó bá ti pa á, á fi ra aṣọ. Aṣọ ni báńkì ẹ̀. Bébà mẹ́ta tí mo fún un ni owó kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó tọ́jú bí owó, nítorí pé ibi tí Hollandis ti wá ni òun náà ti wá.

Ìtàn àwa àti yín lórí owó sì jìn ju ti ìyá mi lọ. Ìyá àgbà tó bí i ní igbá owó ẹyọ kan, àwọn owó ẹyọ gidi, èyí tó ń ti inú òkun wá. Láti erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó wọn, ọkọ̀ ojú omi yín wà lára àwọn tó ń rù wọ́n wá sí Amsterdam, Amsterdam sì jẹ́ ọjà owó ẹyọ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó kó wọn dé etíkun ọ̀dọ̀ wa, níbi tí wọ́n ti fi ra ènìyàn. Mi ò sọ èyí láti bá yín jà. Mò ń sọ ọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ṣílè àti tọ́rọ́ dé, ọ̀kẹ́ owó tó wà nínú ilé ọlọ́rọ̀ di ohun tí wọ́n ń rán mọ́ ẹ̀wù egúngún. Kò sí báńkì tó ní kí wọ́n kó o wá gba òmíràn. Títí dòní, a ṣì ń pe owó onírin èyíkéyìí ní owó ẹyọ. Orúkọ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n yìn yín kí n tó bẹ̀ yín. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ sin gulden, ìsìnkú tó létò ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1999 ni yúrò ti wà nínú ìwé báńkì. Wọ́n ti dè é pé gulden 2.20371 ni yóò máa jẹ́ yúrò kan, kò ní gòkè, kò ní sọ̀. Ṣùgbọ́n owó inú ìwé, ta ló rí i? Oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ wa. Gbogbo olùgbé ilẹ̀ yín tó ti pé ọdún mẹ́fà, onílé àti àlejò, ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àpò kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́: owó ẹyọ mẹ́jọ, ọ̀kan lára irú kọ̀ọ̀kan, láti sẹ́ǹtì 1 dé yúrò 2, àpapọ̀ ẹ̀ yúrò 3 àti sẹ́ǹtì 88. Gerrit Zalm ni mínísítà ìṣúná nígbà náà. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó kà wọ́n, ó dà wọ́n padà sínú àpò, ó sì kọ̀ láti ná an. Ó ti di bàbá ọmọ báyìí, àpò náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdílé ìyá mi ló fi jọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń tún yàrá ṣe nígbà yẹn. Àwọn àlejò máa ń fi owó ẹyọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sì ní ìgò kan tí mo ń jù wọ́n sí. Stuiver, sẹ́ǹtì 5. Dubbeltje, sẹ́ǹtì 10, tó kéré bí èékánná tó sì máa ń bọ́ sínú ihò ilẹ̀ onípákó. Kwartje, sẹ́ǹtì 25. Gulden fúnra ẹ̀. Rijksdaalder, gulden méjì ààbọ̀, èyí tí mo bá rí ni mo mọ̀ pé àlejò yẹn tọ́ sí àdúrà. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kínní ọdún 2002, mo ṣí yàrá àkọ́kọ́, mo sì bá yúrò kan lórí tábìlì tí ẹyẹ idì Jámánì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ní àárín Amsterdam. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ́, mo ń wò ó. Ó yé mi lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ yìí ti parí.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28 oṣù Kínní, òfin ti gba ẹ̀mí gulden. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni a fi ná méjèèjì pọ̀. N kò rí ẹni tí wọ́n tẹ̀ pa lẹ́nu ọ̀nà báńkì, n kò rí ẹni tó sùn sí ìdí ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí láti Nàìjíríà pé àwọn ò rí náírà tuntun gbà, pé àwọn ọlọ́jà ò gba ti àtijọ́ mọ́, oṣù Kínní ọdún 2002 yẹn ni mo ń rántí. Bébà lásán ni owó. Ohun tó ń sọ ọ́ di owó ni pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò ní sá nígbà tí o bá gbé e dé.

Àwọn ará ìlú yín ò dùn, ẹ mọ̀. Wọ́n ní yúrò ló sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba yín fi hàn pé ọ̀wọ́n ọjà ọdún 2001 ju ti 2002 lọ, owó-orí ọjà tó lọ láti 17.5 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kínní 2001 sì wà lára ohun tó fà á. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà tó kọ 1 sára páálí ní oṣù Kejìlá, tó sì fi 1 náà sílẹ̀ ní oṣù Kínní, àmì tó wà níwájú ẹ̀ nìkan ló pa rẹ́. Mo rí i lójú ara mi. Ọmọ ọlọ́jà ni mí, mo mọ ohun tí ọlọ́jà lè ṣe.

Wọ́n tún ní ẹnikẹ́ni ò bi àwọn, òótọ́ sì ni: kò sí ìbò kan tí wọ́n dì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1997, àádọ́rin onímọ̀ ọrọ̀ ajé kọ lẹ́tà ṣíṣí bíi tèmi yìí sínú ìwé ìròyìn de Volkskrant pé ọ̀nà tí Yúróòpù ń gbà lọ kò tọ́. Wọ́n kà á, wọ́n ká a, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọdún 2005, Henk Brouwer, ọ̀kan lára àwọn olùdarí báńkì yín, sọ pé iye tí wọ́n fi gulden wọ yúrò kéré sí bó ṣe yẹ kó jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó Jámánì. Mínísítà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ariwo sọ. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ìbò dé lórí ìwé òfin Yúróòpù, nǹkan bí 61.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní àwọn ò fẹ́. Ìbò lórí owó kọ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ gulden lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ìlà ìdìbò.

Èmi ò sí lára àwọn tó ní kí ẹ dá gulden padà. Yúrò ṣe mí lóore. Mo lè lọ ra gbogbo èlò ọbẹ̀ mi ní Antwerp, ní ilẹ̀ Belgium, láìṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ilé. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu yín kọ̀ láti yí. Obìnrin àgbà kan tí a jọ ń tún yàrá ṣe ló kọ́ mi pé ẹni tí wọ́n bí ní dubbeltje kò lè di kwartje láéláé. Mo ní fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ìyá mi á ní irọ́ ni, nítorí tọ́rọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò rí kwartje rí ń sọ òwe náà títí dòní, bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sọ pé àwọn ò ní tọ́rọ́ lápò. Owó-orí epo tí Wim Kok, mínísítà ìṣúná ìgbà náà, gbé lé lítà kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1991, èyí tí wọ́n ń pè ní kwartje van Kok, kwartje Kok, kwartje ti kú, owó-orí ò kú. Ní Curaçao àti Sint Maarten, àwọn erékùṣù Karibíà tó wà lábẹ́ adé yín, orúkọ náà ṣì ń mí: lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gulden tuntun jáde, gulden ti Karibíà. Àwọn ará Suriname, tí ẹ ṣàkóso wọn rí, ni tiwọn ti sọ tiwọn di dọ́là láti ọdún 2004, ẹgbẹ̀rún kan gulden fún dọ́là kan. Àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Sábẹ̀, ní Bẹ̀nẹ̀, kò tilẹ̀ sí ẹni tó rántí wọn: nígbà tí owó Faransé wọlé sínú yúrò, CFA tí wọ́n ń ná bá a lọ, 655.957 fún yúrò kan, ìyá ọlọ́jà tó ń ta gààrí níbẹ̀ ò sì mọ̀ pé ìpàdé kan wáyé.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí rèé.

Nígbà tí ẹ gba ẹ̀mí gulden, ẹ ò ti ilẹ̀kùn pátápátá: ẹni tó bá kó o wá ṣì lè fi gba yúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní owó ẹyọ ní títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2007. Ìgò mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bi mi ni, mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la. Gulden kan nínú ẹ̀ ni mo fi ń ṣí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ní ilé ìtajà fún ọdún mélòó kan, ìyókù, àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Ní ti owó bébà, ẹ ní títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2032. Ọgbọ̀n ọdún. Ó pọ̀, mo gbà. Faransé ti tilẹ̀kùn tiwọn láti oṣù Kejì ọdún 2012. Ítálì ti tì í kí ọdún 2011 tó parí. Sípéènì tì í ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2021.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ibodè yín. Jámánì, tí ẹ fi gulden yín tẹ̀ lé owó wọn ní ìgbésẹ̀ kan sí èkejì láti ọdún 1983, kò dá ọjọ́ kankan. Bundesbank, báńkì àgbà wọn, ṣì ń gba máàkì, owó wọn àtijọ́, bébà àti ẹyọ, wọn ò sì sọ pé ó máa dópin. Austria náà ń gba ti ṣílè tiwọn. Ireland náà bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ pé báńkì àgbà wọn wó nítorí ẹ̀. Kí ló dé tí àwa tó di gulden mú fi ní ọjọ́ ikú, tí ẹni tó di máàkì mú ò ní?

Mo mọ ohun tí ẹ lè sọ. Ẹ lè sọ pé ọgbọ̀n ọdún tó fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Fún ẹni tó ń gbé ní Utrecht, tó ń ka ìwé ìròyìn yín, ó tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Àwọn tí owó náà wà lọ́wọ́ wọn báyìí kì í ṣe wọ́n mọ́. Ẹni tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbà á ń kú lọ, àwọn ọmọ ló ń ṣí àpótí. Ọmọ tó ń ṣí àpótí l'Abẹ́òkúta, ní Paramaribo, ní Kumasi, kò mọ̀ pé bébà olódòdó yìí jẹ́ nǹkan. Àbúrò mi tó rí i ti fẹ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀ kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé ilé ìwé. Bí n kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Owó bébà jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo gbé kalẹ̀ fúnra mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò báńkì àgbà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tilẹ̀kùn, gbèsè yẹn yóò di èrè yín, ẹni tí yóò sì san án kò ní mọ̀ pé òun san nǹkan kan. Ìyá mi san owó àjọ tí ìjọba sọ di àkísà. Kò sí òfin tó ní kó san án. Ó ní òun ni wọ́n kó o fún.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́: ẹ bá mi yọ ọjọ́ yẹn kúrò. Ẹ ṣe bíi ti Jámánì. Bí òfin yín kò bá fún yín láyè láti dá a ṣe, ẹ gbé e lọ sí Hague, lọ́dọ̀ ìjọba yín, ẹ ní àwa tó di gulden mú la ní kí ẹ wá.

Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ jẹ́ kí ariwo ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kí ọdún 2032 tó dé. Àyè ọdún mélòó kan ṣì wà. Ẹ gbé àwòrán òdòdó náà, ilé iná náà, àwọn ẹyẹ náà sí ojú fóònù àwọn ènìyàn. Ẹ sọ ọ́ ní Papiamentu, ní Sranan, ní Twi, ní Yorùbá. Ẹ lọ sọ ọ́ lórí rédíò ní aago mẹ́fà ìdájí nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń múra. Ẹ sọ iye tó jẹ́: pé òdòdó kan jẹ́ yúrò 22 àti sẹ́ǹtì 69, ilé iná kan jẹ́ yúrò 113 àti sẹ́ǹtì 45. Ẹ ó rí i pé àpótí máa ṣí.

Mẹ́ta tiwa jẹ́ gulden 150. Ó jẹ́ yúrò 68 àti sẹ́ǹtì 7. Nínú oṣù tí a ń ṣe ogójì ọjọ́ ìyá wa, owó náà kò tó ra àpò ìrẹsì àti àpò gààrí. Àwa ọmọ mẹ́ta ni ó bí, a sì pín in, bébà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi ti wà ní Amsterdam, èmi fúnra mi ni yóò gbé e wá. Ti àbúrò mi obìnrin wà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun fi gba Hollandis yáàdì mélòó tí ó bá gbà, mo ti sọ fún un pé kó má retí ìró kan tó pé.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ni wàhálà. Mo sọ fún un pé a lè fi ránṣẹ́ ní pósítì. Ó ní òun kò ní fi owó ìyá òun sínú àpò ìwé kó sọnù sójú ọ̀nà. Mo ní kó fún mi nígbà tí mo wálé lọ́dún tó kọjá, ó ní rárá, pé òun ni àkọ́bí, òun fúnra òun ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún òun ní físà. Wọ́n ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti wà lẹ́nu ìkẹta. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sì ta kókó mẹ́ta sí àjákù Hollandis náà bí ìyá wa ṣe ta á.

Èmi ni tiyín,
ọmọ ìyá aláṣọ, Ìtọ̀kú,
láti Amsterdam Zuidoost.